Yàrá Ọmọ Kì í Ṣe Aká

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń ṣe yàrá àwọn ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo gbọ́ ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, pé ilé oníyàrá méjì ni a ń gbé, èwo ni yàrá ọmọ? Ibi tí ọmọ ń sùn ni mò ń wí, ìbáà ṣe igun kan tí ẹ fi aṣọ ta.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó yẹ kí ó jáde. Ní ilẹ̀ Nupe níhìn-ín, bí aká bá kún fún àgbàdo àti ẹ̀wà, ibo ni a ń kó àpò ìyókù sí? Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni. Èmi náà ṣe é rí. Àpò ẹ̀wà mẹ́fà ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹní àwọn ọmọ mi, mo sì ti ki ahóró oògùn kòkòrò bọ̀ wọ́n. Nígbà tí ó di òru, àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí bì, orí ń fọ́ ẹ̀gbọ́n. Mo ní ibà ni. Bàbá wọn ni ó gbọ́ òórùn bí áyù, tí ó ní kí a gbé wọn síta kíá. Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. A dúpẹ́ pé wọ́n yè. Àwọn ẹlòmíràn kò jí.

Aluminium phosphide ni orúkọ ahóró náà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di gáàsì, gáàsì tí ó sì ń pa kòkòrò náà ni ó ń pa ènìyàn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, ilẹ̀ náà ni a sì ń tẹ́ ẹní ọmọ sí. Kò ní ẹ̀rọ̀ kan pàtó. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé òórùn, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ènìyàn ń gbọ́ ọ.

Bàbá kan ní olè ni òun ń sá fún. Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ẹ fi àgádágodo sí aká. Bí ẹ bá sì gbọdọ̀ kó ọkà wọlé, ẹ má fi ahóró sí i rárá. Àpò kan wà tí ó ní ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Bí a bá di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, kòkòrò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú láìsí oògùn kankan.

Ẹ kó oògùn apakoríko, ìfọ́n oògùn àti kẹrosíìnì jáde pẹ̀lú.

Nígbà náà ni ẹ tó lè ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ fi ọ̀dà funfun kun ògiri kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí káfíńtà fi pákó kan ibùsùn tí ó ga kúrò nílẹ̀. Ẹ sá nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tuntun sí ibòji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó ta á, kí ẹ sì máa ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi dùbúlẹ̀, kò sì nílò ìrọ̀rí, bí ó ti wù kí ìrọ̀rí náà lẹ́wà tó.

Mo mú àpò ọlọ́rá méjì náà kan wá. Ẹ súnmọ́ ibí, kí a jọ di ẹnu rẹ̀ wò.