BÍ BÀBÁ BÁ GBÉ ỌMỌ TIRẸ̀ SÁ, ṢÉ OLÈ NI?

   

Nígbà tí a parí tàfúsírù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, arákùnrin kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ní àbúrò òun kan ń gbé nílùú òyìnbó, ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀, wọ́n bí ọmọ méjì, ìjà dé, wọ́n túká. Àbúrò náà fẹ́ mú àwọn ọmọ wálé lásìkò ìsinmi bí ẹni pé kí wọ́n wá kí ìyá àgbà wọn, àmọ́ kò ní dá wọn padà mọ́. Ó wá bi wá pé: "Ààfáà, bí bàbá bá gbé ọmọ tirẹ̀, ṣé ẹnì kan lè pè é lólè?"

A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé a kò mọ èsì rẹ̀, ibi tó ti ń dùn wá ni ọ̀rọ̀ náà ti bá wa. A ní kó jẹ́ ká dáhùn lórí rédíò, torí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní ọdún 1997, ọkùnrin kan mú ọmọkùnrin kan wá sí ilé kéú wa. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ọmọ àdúgbò wa ni bàbá rẹ̀, ó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ni ìyá ọmọ, Kírísítẹ́nì sì ni. Bàbá ní òun fẹ́ kí ọmọ òun mọ Ọlọ́hun, kó mọ Kùránì, kó má di ẹni tí kò mọ ilé. Inú wa dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? A bi í pé, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ìyá rẹ̀ ti gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo la bi í, èsì kan ṣoṣo la sì gbà. A gbé wàláà lé ọmọ lọ́wọ́, a ṣàdúà fún un, bàbá rẹ̀ fún wa ní sàráà, a gbà á.

Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Bí bàálù bá ti ń kọjá lókè, á dìde lórí ẹní, á sáré bọ́ síta, á máa wò ó títí á fi wọ inú ìkùukùu. Àwọn ọmọ kéú yòókù á máa fi í rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́jọ, kò sáré jáde mọ́. A ní ara rẹ̀ ti mọlé nìyẹn.

Ọdún kẹta ni ìyá rẹ̀ tó rí ọ̀nà dé. Òun àti lọ́yà kan àti obìnrin kan tó ń túmọ̀ èdè fún un ni wọ́n jọ wọ ilé kéú. Ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó na ọwọ́, ó pe ọmọ lórúkọ tó máa ń pè é nílé. Ọmọ wò ó. Ó sá sẹ́yìn wa, ó di agbádá wa mú, ó wá fi Yorùbá bi wá pé, "Ààfáà, ta ni òyìnbó yìí?"

Obìnrin náà kò bú wa. Ìbá bú wa, ìbá sàn. Ó kàn bi wá bóyá a mọ̀ pé láti ọjọ́ tí bàbá ọmọ ti ní àwọn ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé, òun kò gbọ́ ohùn ọmọ òun mọ́. A kò mọ̀. A kò béèrè ni.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹnu ẹ̀sìn ni àwọn tó ń ṣe irú èyí máa ń gbà sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀sìn wí. Àwa Yorùbá a máa sọ pé bàbá ló lọmọ. Àṣà wa nìyẹn, àṣà kì í sì í ṣe Ṣẹ̀ríà. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, obìnrin kan wá rojọ́ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé inú òun ni ọmọ òun gbé, ọmú òun ló mu, bàbá rẹ̀ ti wá kọ òun, ó sì fẹ́ gba ọmọ. Ìdájọ́ tí Ànábì ṣe ni pé ìyá náà ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ jù níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fẹ́ ọkọ mìíràn. Nínú mádíhábù Imam Malik tí à ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ń gbé títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bàbá ló ń náwó, òun náà ló ń mójú tó ẹ̀kọ́ àti ẹ̀sìn ọmọ.

"Ìyá tó jẹ́ Kírísítẹ́nì ńkọ́?" A mọ̀ pé ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín nìyẹn. Àwọn onímọ̀ Málíkì kò torí ìyẹn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ̀rù bá ń bani pé yóò fún ọmọ ní ọtí tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kí àwọn Mùsùlùmí tó wà nítòsí máa bá a mójú tó ọmọ náà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kí wọ́n máa bá a mójú tó o ni. Wọn kò ní kí a gbé e gba òru lọ.

Àwọn kan tó ti ka ìwé díẹ̀ máa ń sọ fún wa pé ìwé kan náà ní bàbá tó bá ń kó kúrò nílùú pátápátá lè mú ọmọ dání. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ka ìwé náà parí. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ láàbò, ibi tó ń lọ gbọ́dọ̀ láàbò, bàbá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Bí ìyá bá sì ní òun yóò bá wọn lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò já. Bàbá tó purọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun ń lọ lò, níbo ni a ti fẹ́ fọkàn tán an? Ẹlòmíràn á tilẹ̀ já ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, á tún fò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé ìyẹn náà kó kúrò nílùú?

Hádíìsì kan wà tí Tirmidhi gbà wá, pé ẹni tó bá ya ìyá àti ọmọ nípa, Ọlọ́hun yóò ya òun náà àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nípa lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lójú ogun ló mú hádíìsì náà jáde. Ẹni tí wọ́n mú lójú ogun, a kò gbọdọ̀ ya òun àti ọmọ rẹ̀. Obìnrin tí a gbé yìgì rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rò pé bàbá nìkan là ń bá wí. Nínú Súrà Bákárà, áyà 233, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọmọ ni ìyá lára, Ó sì kọ̀ fún wa láti fi ọmọ ni bàbá lára. Ìyá tó gbé ọmọ wọ bàálù tó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù kí bàbá má baà rí wọn, ẹjọ́ kan náà ló ń jẹ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń lù nílùkulù tó mú ọmọ sá àsálà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yára lọ bá adájọ́.

Ìjọba náà ti dá sí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1980, ní ìlú The Hague ní ilẹ̀ Họ́lándì, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn pé bí òbí kan bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò níbi tó ń gbé láìgba àṣẹ ẹnì kejì tó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú rẹ̀, kí wọ́n yára dá ọmọ náà padà sí ilẹ̀ tó ti ń gbé, kí adájọ́ ibẹ̀ wá sọ ẹni tí yóò máa tọ́ ọ. Àyè wà nínú rẹ̀ fún adájọ́ láti kọ̀ bí ewu ńlá bá wà níbi tí ọmọ ń padà sí, tàbí bí ọmọ tó ti gbọ́n bá ní òun kò lọ. Àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí bíi Mòrókò àti Pákísítánì ti wọ inú àdéhùn náà. Orúkọ Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá ọmọ wa yẹn fi ní láti wá kóòtù kiri lọ́dọ̀ wa níbí.

Àwọn kan rò pé èyí ni ihò tí àwọn lè gbà bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1984 sọ ọ́ di ọ̀ràn, ó sì lè gbéni lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1993, ọdún mẹ́ta ni tiwọn. Níbí náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ lọ́nà ẹ̀tọ́.

Ó tún ń ba orúkọ wa jẹ́. Ní 1984, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Ìráànì mú ìyàwó rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, Betty Mahmoody, àti ọmọbìnrin wọn lọ sí Tehran, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ó di 1986 kí obìnrin náà tó gba orí òkè mú ọmọ rẹ̀ sá wọ ilẹ̀ Tọ́kì. Ó fi kọ ìwé, wọ́n fi ṣe fíìmù ní 1991. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí bínú sí fíìmù náà, àwa náà bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ta ló purọ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń gbọ́ wa, ọwọ́ yín ni wọ́n sábà máa ń fi ọmọ lé. Bí ọmọ yín bá mú ọmọ-ọmọ dé láti òkèèrè láìsí ìyá rẹ̀, ẹ gbé e pọ̀n, ẹ fún un lóúnjẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójú yín, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ọmọ náà gbọ́ ọ. Bí ó bá ní nọ́ńbà kò lọ, ẹ ní kí ó tún un pè lọ́la. Bí kò bá lọ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe Lèmọ́mù àdúgbò yín. Àwa ààfáà náà, ẹ má ṣe bíi tiwa. Ẹ má gba wàláà ọmọ kankan títí ẹ ó fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kóòtù ló padà ní kí ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà rẹ̀ dì mọ́ ọn títí dé ẹnu mọ́tò. Bàbá kò lè padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọlọ́pàá, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ìyá yọ̀ǹda ọmọ wálé mọ́ rárá. Ta ni yóò bá a wí? Ìyá àgbà yẹn kú láìtún fojú kàn án.

Ní ọdún 2019 ọ̀dọ́mọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wa. Ó ti dàgbà, ó hu irùngbọ̀n. Ó fi Yorùbá tó ti dàgbé kí wa, ó ní ká mú òun lọ síbi sàréè ìyá àgbà òun. A mú un lọ. Ó ka Fátíà tí a fi kọ́ ọ lórí ẹní, kò ṣì í. Bí a ṣe ń bọ̀ ló bi wá pé, "Ààfáà, nígbà tí Dádì mú mi wá, ṣé ẹ mọ̀ pé Mọ́mì kò gbà?" A sọ bó ṣe rí fún un, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la béèrè. Kò sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Arákùnrin wa tó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, èsì wa nìyí: olè ni. Pe àbúrò rẹ lónìí, kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá fẹ́ kí a bá òun àti ìyá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n yan ẹnì kan láti ìhà méjèèjì bí Ọlọ́hun ṣe là á sílẹ̀ nínú Súrà Nísáì, a wà nílé lẹ́yìn ìrun Àsárì lójoojúmọ́ títí ààwẹ̀ yóò fi parí.