Àwòrán Ọpọlọ àti Àrùn Tí Í Mú Ọwọ́ Gbọ̀n

Ọwọ́ tí ń gbọ̀n kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ń ṣe é. Ọwọ́ ẹnì kan lè máa gbọ̀n nítorí oògùn tí ó ń lò; ti ẹlòmíràn lè jẹ́ èyí tí ó jogún láti ìdílé rẹ̀; ti ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ sì lè jẹ́ àrùn Parkinson. Àwọn aládùúgbò a máa ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀kan náà. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa pe ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí rí ní ọ̀mùtí. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Ẹni tí a bá fún ní oògùn àrùn tí kò ṣe é, ìyà méjì ni ó ń jẹ.

Dókítà James Parkinson, ará ìlú London, ni ó ṣe àpèjúwe àrùn yìí yékéyéké nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1817. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1960 kí Ehringer àti Hornykiewicz, ní ìlú Vienna, tó fi hàn pé dopamine ti dínkù púpọ̀ nínú ọpọlọ àwọn tí wọ́n ní àrùn náà kí wọ́n tó kú. Dopamine yìí ni ìránṣẹ́ tí apá kan ọpọlọ ń rán sí apá kejì kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lè ṣe bí a ti fẹ́. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè rẹ̀ ti kú.

Ohun tí a rí nínú òkú, báwo ni a ó ṣe rí i nínú alààyè? Àwòrán CT àti MRI ń fi ìrísí ọpọlọ hàn, ìrísí náà kì í sì í sábà yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Èyí tí ń fi iṣẹ́ ọpọlọ hàn ni à ń pè ní DaTscan. Ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i ní ọdún 2011. Yúróòpù ti fi àṣẹ sí i ní ọdún 2000.

Wọn a kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn tí yóò dáàbò bo ọrùn rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a gún un ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ìtànṣán díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 3 sí 6, ẹ̀rọ a yí orí rẹ̀ ká láti ya àwòrán. Bí ara bá le, ohun méjì a tàn bí àmì kọ́mà. Bí ó bá jẹ́ àrùn Parkinson, ìrù kọ́mà a parẹ́, a sì ṣẹ́ kù bí àmì tí a fi ń parí gbólóhùn. Ọwọ́ gbígbọ̀n tí a jogún kì í ba àwòrán yìí jẹ́.

Síbẹ̀, àwòrán kì í ṣe adájọ́. Àwọn àrùn mìíràn wà tí ń pa sẹ́ẹ̀lì kan náà, àwòrán yìí kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú àti ọwọ́ dókítà ni ó ṣáájú. Ẹlẹ́rìí ni àwòrán.

Nítorí náà, bí ọwọ́ àgbà bá ń gbọ̀n, tí ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀, tí ìwé tí ó ń kọ sì ń kéré sí i, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú un tọ dókítà lọ, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání.