Àrokò Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé wa ní Uptown, Houston



Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ti sọ̀rọ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó mọ àrokò ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà náà ní àrokò tirẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àmì lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni í-meèlì lè gbé. Kò gba fọ́tò, kò gba ẹ, ọ, ṣ wa. Ní ọdún 1992, Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde. Base64 wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ni gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà, báìtì là ń pè wọ́n. Base64 ń kó báìtì mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń sọ wọ́n di àmì mẹ́rin, nínú àmì 64 tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀. Lónìí, bí a bá fi UTF-8 kọ ẹ, 4bq5 ló máa dà. Ẹ̀rọ ẹni tó gbà á yóò tú u padà, láìlé láìdín.

Nítorí náà, bí lẹ́tà Màmá láti ilé bá dé ní wúruwùru, ẹ má tíì pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrokò yìí kì í bo àṣírí. Ẹnikẹ́ni ló lè tú u. Ẹ má fi nọ́ńbà báńkì yín pamọ́ síbẹ̀.