Ọgbọ́n Inú Kóló: Níbo Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Ń Rí Òwò Tuntun?

 

Wọ́n ní kí n wá sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè rí àbá òwò tó dára. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí èmi náà ń kàwé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì da owó jọ, a sì tẹ ọ̀rọ̀ ìwúrí sára igba ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí a ó tẹ̀ sára rẹ̀. Nígbà tí ọjà dé, mẹ́rìndínlógún péré la rí tà, méje nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé àánú wa ló ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n fi rà á. Lásìkò yẹn gan-an, ọmọkùnrin kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí fóònù rẹ̀ bá ti kú, ó ń bá a fi iná sí i. Àwa mẹ́ta tí a pe ara wa ní oníṣòwò ńlá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń gba iná sí fóònù tí a fi ń polówó ṣẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá kí n tó mọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ti mọ̀. Àwa jókòó, a ń ronú ohun tí a lè tà. Òun la ojú sílẹ̀, ó ń wo ohun tí àwa ará ilé náà ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kí ó tó ra jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà níwájú géètì la ti máa ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún iná. A ó dúró ti fóònù wa ní wákàtí kan, kí olè má baà gbé e. A ti dá ọgbọ́n kan fúnra wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ń ni wá lára.

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ. Ẹ má wá àbá òwò. Ọgbọ́n àdáṣe tí àwọn ènìyàn ń dá láti fi bá ìṣòro kan gbé ni kí ẹ máa wá. Níbi tí ẹnìkan bá ti ń fi okùn so ohun tó yẹ kí a kàn ní ìṣó, òwò ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa mú ìṣó wá.

KÓLÓ TÓ DI ILÉ-IṢẸ́

Ta ni kò mọ kóló nínú wa? Àpótí igi tí káfíńtà kàn pa, tó wá fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lókè rẹ̀. Owó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè jáde àfi tí a bá fọ́ ọ. Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan gbé àwòrán kóló rẹ̀ sórí Twitter. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló ti ń jù sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan. Nígbà tó fọ́ ọ, ₦365,000 ló bá nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kan sáárá sí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n kàwé jáde ní Covenant University, ní Ọ̀tà, kò bá tiwọn lọ. Orúkọ wọn ni Somto Ifezue, Ọdúnayọ̀ Ewéníyì àti Joshua Chibueze. Ní ọdún 2016, wọ́n dá Piggybank.ng sílẹ̀, kóló orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2019, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PiggyVest, orúkọ tí púpọ̀ nínú yín ní lórí fóònù lónìí.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àwòrán yẹn wò dáadáa. Kí ló dé tí ẹni tó ní fóònù tó ń wọ Twitter, ní ìlú tí báńkì pọ̀ sí, fi tún ń ti owó bọ inú igi? Ìdí ni pé báńkì rọrùn jù. Kíá lèèyàn lè gbowó jáde níbẹ̀. Ohun tí obìnrin náà nílò ni ohun tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tó owó náà. Kóló kì í ṣe ibi ìpamọ́ lásán. Ẹ̀ṣọ́ ni, ẹni tó ni owó gan-an ló sì ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ yìí ní àléébù: iná lè jó o, ikán lè jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, olè lè gbé e, owó tó sì sùn sínú rẹ̀ fún ọdún kan kò ní bímọ. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí mú iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà, wọ́n bọ́ àléébù rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ ni yóò máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí o bá dá, owó náà yóò máa gba èlé, bí o bá sì fẹ́ fọ́ kóló ṣáájú ọjọ́, wàá san owó ìtanràn.

Fífi owó sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé ní Èkó, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi rẹ́rìn-ín pé òun náà ló ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Èmi kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Mọ́tò kò lè wọ ààrin ìsọ̀, kò lè gba kọ̀rọ̀ ilé mẹ́rin tó fún mọ́ra. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé alájọ dé iwájú àtẹ oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó ń wo ara rẹ̀ yóò ra mọ́tò. Ẹni tó ń wo oníbàárà yóò ra kẹ̀kẹ́.

ILÉ-IFẸ̀, ỌDÚN 2009

Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí àti Ọlálékan Elúdé, kò fi àsìkò náà sùn. Wọ́n dá Jobberman sílẹ̀, ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ti ń pàdé ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́.

Ṣé òùngbẹ iṣẹ́ ni wọ́n ṣàwárí? Rárá, ó ti pẹ́ tí gbogbo Nàìjíríà ti ń jẹ ìyà rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọgbọ́n àdáṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí àwọn tó máa ń dúró yí àtẹ oníwèé ìròyìn ká láàárọ̀, tí wọ́n ń ka ìwé láìrà á. Bí ìpolówó iṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á yọ gègé, wọ́n á da àdírẹ́sì kọ sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn mìíràn á gé ojú ìwé náà, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó bá rí ọwọ́ tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí yẹn, tó sì mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, ti rí òwò.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE É LÓKÈÈRÈ

Ní ọdún 1984, Michael Dell jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ní Yunifásítì Texas ní Austin. Ó ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yà tó dára sí i kún un, ó ń tà á. Ó mọ iye tí ẹ̀yà inú rẹ̀ ń jẹ́ lọ́jà, ó sì rí iye tí ṣọ́ọ̀bù ń gbé lé e. Àárín iye méjèèjì ló ti rí òwò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní Harvard, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ìwé tí wọ́n tẹ àwòrán àti orúkọ ara wọn sí, kí Mark Zuckerberg tó ṣí Facebook ní oṣù Kejì ọdún 2004. Orúkọ ìwé náà gan-an ló mú. Ní Stanford, Larry Page àti Sergey Brin ronú lórí àṣà àwa ọ̀mọ̀wé: a máa ń fi iye àwọn ìwé mìíràn tó tọ́ka sí ìwé kan mọ bó ti níyì tó. Wọ́n fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Google, tó di ilé-iṣẹ́ ní 1998, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ láti inú òfìfo.

OHUN TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ NÍ TÍ ÀGBÀ KÒ NÍ

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú òwò, mo ti rí i pé ojú onílé ló máa ń kú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kò rí i mọ́ pé wákàtí méjì lòun fi ń tò láti tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ jáde. Ó ti mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún kìíní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń ṣe é ni?” Ìbéèrè yẹn níye lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ máa jókòó ti àwọn ọmọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá yà wọ́n lẹ́nu sílẹ̀ kí ojú wọn náà tó kú.

Ohun kejì ni pé ọjà yín wà níbì kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí wọ́n ń jí lágogo kan náà, tí ìṣòro kan náà sì ń bá jà, ló ń gbé káàkiri ọgbà. Oníṣòwò tó wà ní ìgboro yóò ná owó ńlá kí ó tó lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ.

Ohun kẹta, àdánù yín kéré. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Nínú òwò, àkísà ni òwò tó ti kú lọ́wọ́ ẹni. Àwọn tó dá PiggyVest sílẹ̀ kò fi kóló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú òwò mìíràn ṣáájú, títí kan PushCV tó ń bá àwọn ènìyàn wá iṣẹ́. Ẹ tètè kó àkísà yín jọ nísinsìnyí tí aṣọ kò tíì wọ́n, kí ọmọ àti owó ilé tó wọ ọ̀rọ̀ náà.

BÍ A ṢE Ń DÁN ÀBÁ WÒ

Kì í ṣe gbogbo ìnira ló ń di òwò. Ẹ jẹ́ ká mú gáàsì ìdáná. Ẹ wo àwọn tó ń gbé nílé ìta ọgbà. Wọ́n máa ń fi sílíńdà rán ara wọn níṣẹ́: “Bí o bá ń lọ, jọ̀ọ́, bá mi gbé tèmi dání.” Ọgbọ́n àdáṣe nìyẹn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà láti máa kó sílíńdà lọ rọ gáàsì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó sì ń gba ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àlọ àti àbọ̀ gba ₦4,000. Ẹni tó ń bá a gbé e gba ₦2,000. Bí ó bá rí sílíńdà mẹ́jọ, ₦4,000 ló wọlé, kẹ̀kẹ́ ti gbé e lọ, ó sì jẹ ẹni tó bá a gbé e ní gbèsè. Bí ó bá rí méjìlá, ₦6,000 wọlé, ₦6,000 jáde. Ìkẹtàlá ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí ogún, ₦4,000 ni tirẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú ọmọ yìí kò pọ̀: ṣé mo lè rí mẹ́tàlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kò nílò orúkọ ilé-iṣẹ́, kò nílò káàdì ìdánimọ̀. Kí ó kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó gba sílíńdà àti owó. Ẹni tó ní “àbá rẹ dára gan-an” kò tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó gbé sílíńdà àti owó fún ọ ló ti fi ọwọ́ sí i. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí iye kò bá pé mẹ́tàlá, ẹ so ó mọ́ àwọn àkísà yín, kí ẹ sì tún ojú yín là.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan tì í. Ọgbọ́n àdáṣe kan wà tí kò yẹ kí ẹ bá ẹnikẹ́ni tún ṣe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tàbí ẹni tí yóò ta ìbéèrè ìdánwò fún wọn. Oníbàárà wà, owó wà, ṣùgbọ́n orúkọ rere lẹ ń tà lọ́jà yẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á tán, ẹ kò ní rí òmíràn rà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tiyín kù. Ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí a ń pè ní ENT 211 ti wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, là sílẹ̀, ó di dandan fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò wa bá ń béèrè ìtumọ̀ oníṣòwò ní ìlà mẹ́rin, ìlà mẹ́rin náà ni wọn yóò há sórí. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní máàkì fún ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rí, àti fún orúkọ ẹni mẹ́wàá tó sanwó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ kan ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ ra ìwé kékeré kan lọ́la. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ rí tí ẹnìkan fi okùn so, tó yẹ kí a kàn ní ìṣó. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjìlélógójì náà, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn.