TA NI YÓÒ SỌ FÚN AKỌNI PÉ Ó TÓ?

Ẹ̀kà Bíbélì: 2 Samuẹli 21:15-17, Numeri 8:23-26

Sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí." Àmín.

Gbogbo wa la mọ Dáfídì tó pa Gòláyátì. Ṣùgbọ́n Dáfídì inú 2 Samuẹli 21 ti dàgbà. Ó tún bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ bá àwọn Filísínì jà, ó sì rẹ̀ ẹ́ lójú ìjà. Òmìrán kan rí i pé apá ọba ò gbé idà mọ́, ó fẹ́ pa á. Ọpẹ́lọpẹ́ Ábíṣáì tó sáré dé, tó sì pa òmìrán náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ ogun búra pé Dáfídì ò tún ní bá àwọn lọ sójú ogun mọ́, kí fìtílà Ísírẹ́lì má baà kú.

Ẹ kíyè sí i o. Wọn ò gba adé lórí rẹ̀. Wọn ò ní kì í ṣe ọba mọ́. Wọ́n ní fìtílà ni. Fìtílà kì í jà. Ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Mo fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ jíjà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún yín, nítorí pé ojú ríǹgì kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Tí agbára bá ti lọ, gbogbo ayé ló máa rí i.

ÌKÍNNÍ: AGBÁRA MÁA Ń LỌ KÍ ORÚKỌ TÓ LỌ

Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí Muhammad Ali. Ó wá sí Nàìjíríà ńbí ní 1964, èrò sì tú jáde láti wò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, ó bá Larry Holmes jà ní Las Vegas. Holmes yìí, ọmọ tó ti ń bá a ṣe ìdánrawò tẹ́lẹ̀ ni. Ali ti di ẹni ọdún 38. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ríǹgì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò sí ńbẹ̀. Lẹ́yìn ráùndì kẹwàá, Angelo Dundee tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ ló dá ìjà náà dúró. Síbẹ̀, ó tún padà! Ní oṣù kejìlá ọdún 1981, Trevor Berbick nà án ní Nassau. Ní 1984, àwọn dókítà sọ pé àrùn Parkinson ló ń gbọ̀n ọ́n lára. Ó sì gbé àìsàn náà títí ó fi kú ní 2016.

Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló fà á. Àwọn dókítà gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó dùn mí nìyí: ní 1977, lẹ́yìn tí Ali bá Earnie Shavers jà, dókítà tirẹ̀, Ferdie Pacheco, rí i nínú àyẹ̀wò pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ó kọ lẹ́tà sí Ali, ó kọ sí àwọn tó yí i ká. Ẹnì kan ò dá a lóhùn. Dókítà náà bá kẹ́rù rẹ̀, ó lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ṣáájú ìjà Holmes!

Kí ló dé tí wọn ò fèsì? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọjọ́ tí akọni bá dáwọ́ dúró, ìkòkò ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Àwọn tó ń pariwo "Champion!" pọ̀, Ábíṣáì ni kò pọ̀.

ÌKEJÌ: ÀÌNÍ NÁÀ MÁA Ń DÁ ÈÈYÀN PADÀ

Má sáré sọ pé ìgbéraga ni. Joe Louis fẹ̀yìn tì ní 1949 pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́wọ́. Gbèsè owó orí ló lé e padà. Ezzard Charles nà án ní 1950, Rocky Marciano sì lù ú jáde láàárín okùn ríǹgì ní 1951.

Ẹ wo Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, tó gba ipò ọ̀gá afẹ̀ṣẹ́jà àgbáyé ní ìpele méjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Bob Foster lù ú ṣubú, kò lè dìde. Ẹni ọdún 38 ni. Ogun abẹ́lé ń jà nílé, ogun náà sì ti gbé ohun tó kó jọ lọ. Ló bá ń jà lọ títí di 1970, nígbà tó di ẹni 40 ọdún. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ti gba bẹ́líìtì àgbáyé yìí ń ṣọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní New York. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní oṣù kejìlá ọdún 1971. Ọdún 42 péré ló lò láyé.

Nítorí náà, bàbá tó ṣì ń wa ọkọ̀ lọ sójú òkun ní Gberefu yìí, tí ojú rẹ̀ ò rí ìgbì dáadáa mọ́, ṣé òkun ló dùn mọ́ ọn ni? Bi í léèrè owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀! Tí o bá sọ fún un pé kó lọ sinmi, tí o ò sì fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́, ariwo lo pa. Ẹ padà wo Bíbélì. Ábíṣáì kọ́kọ́ wọ inú ìjà náà, ó gba ìjà fún ọba. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó sọ fún ọba pé ó tó. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌKẸTA: ÌFẸ̀YÌNTÌ KÌ Í ṢE ÌTÌJÚ

Ní 10 August 1963, Dick Tiger gbàlejò Gene Fullmer ọmọ Amẹ́ríkà ní Liberty Stadium, Ìbàdàn, tí à ń pè ní Obafemi Awolowo Stadium lónìí. Lẹ́yìn ráùndì keje, Fullmer jókòó sórí àpótí, kò dìde fún ìkẹjọ. Kò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ láyé rẹ̀. Ẹni ọdún 32 ni nígbà náà. Ṣé ìtìjú pa á? Rárá o. Ó wà láyé di 2015.

Hogan Bassey ọmọ Calabar ńkọ́? Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá afẹ̀ṣẹ́jà àgbáyé, ní Paris ní 1957. Davey Moore nà án lẹ́ẹ̀mejì ní 1959. Bassey ní ó tó. Ẹni ọdún 27 péré! Ó wálé, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀ṣẹ́. Ní 1964, Nojim Maiyegun gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ní Tokyo, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà, inú ẹ̀ṣẹ́ ló sì ti wá. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ìfẹ̀yìntì sínú òfin. Ní Numeri 8, tí ọmọ Léfì bá ti pé 50 ọdún, kò gbé ẹrù àgọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó wà pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀, ó ń bá wọn ṣọ́ ọ. Ẹrù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò lé e jáde.

Ẹnì kan ń sọ lọ́kàn pé, "Pásítọ̀, Káléébù ńkọ́, tó ní kí wọ́n fún òun ní òkè ní ẹni ọdún 85?" Ìbéèrè gidi ni. Ọlọ́run ló pa agbára Káléébù mọ́. Bi ara rẹ: ṣé agbára tí Ọlọ́run pa mọ́ ni mo fi ń jáde, àbí orúkọ àná? Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Mósè fẹnu ara rẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó yan ẹni tó máa rọ́pò òun. Élì jókòó sórí àga títí ojú rẹ̀ fi ṣú, gbogbo ilé rẹ̀ ló jìyà rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà iyanrìn yìí. Àwọn baba ńlá àwọn kan gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ ẹrú, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Wọn ò láǹfààní láti padà. Ìwọ ní. Awakọ̀ tí oorun ń gbé lórí títì, ìyá tó ń gbé àpò ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn, Ọlọ́run ṣì fún ọ láyè láti sọ pé ó tó.

Àti ìwọ ọmọ: lọ sílé lọ́sẹ̀ yìí. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀, sọ pé, "Bàbá mi, Màmá mi, ẹ ti jà fún wa. Ẹ gbé e fún mi, ó kù sọ́wọ́ tèmi."

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa, fún gbogbo akọni inú ilé wa ní Ábíṣáì tirẹ̀. Fún wa lọ́gbọ́n láti mọ ìgbà, fún wa lọ́wọ́ láti gbé ẹrù àwọn tó ti gbé tiwa. Má jẹ́ kí fìtílà ilé wa kú. Ìwọ tí o ò tíì gba Jésù, Òun ló gba ìjà tí apá rẹ ò ká fún ọ. Fi ayé rẹ fún un lónìí. Ní orúkọ Jésù la gbàdúrà. Àmín!