Ìṣirò Kò Jìnnà sí Ìsọ̀ Wa: Eré Tí A Lè Bá Àwọn Ọmọ Ṣe Nílé

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọyọ̀ ọdún

  

Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa eré ìṣirò tí òbí lè bá ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe nílé. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn kan nínú wa ní, "Ṣé eré ló kù tí èèyàn máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti ọjà dé?" A mọ̀ pé ó ń rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ná.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú ìwé ìdánwò dé láti iléèwé. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló gbà nínú ìṣirò. Ìyá rẹ̀ ti ń wá pankẹ́rẹ́ kiri. Ẹnì kan nínú wa tó wà níbẹ̀ ní kó jẹ́ ká wo ìwé náà ná. Ọ̀kan nínú ìbéèrè tó ṣì ni pé kí wọ́n yọ 1,050 kúrò nínú 2,000. Ohun tí ọmọ kọ sílẹ̀ ni 1,050. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà ló ń bá ìyá rẹ̀ ta ata ní gbogbo Sátidé. A wá bi í pé, "Bí oníbàárà bá ra ata abọ́ mẹ́ta, tí abọ́ kan jẹ́ ₦350, tó wá fún ẹ ní ₦2,000, ṣéńjì èló lo máa fún un?" Kò tíì gbé ojú sókè tó fi dáhùn: "₦950 ni."

Ìṣirò kan náà ni o! Àní ti ọjà yẹn gan-an ló le jù, torí ó ní láti kọ́kọ́ sọ 350 di ọ̀nà mẹ́ta kó tó yọ ọ́ kúrò. Ìyá rẹ̀ rọra gbé pankẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ mọ̀ ọ́n, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Nínú ìwé, ó to nọ́ńbà lé ara wọn lórí, ó sì ń yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀ níbikíbi tó bá ti bá wọn: ó rí òdo lókè, ó rí márùn-ún nísàlẹ̀, ó kọ márùn-ún. Nídìí àtẹ, owó ló ń wò, kì í ṣe nọ́ńbà.

Kì í ṣe ọmọ tiwa nìkan nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tó ń tajà ní ìgboro Recife, ní ilẹ̀ Bùràsílì. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n lò, láti ọmọ ọdún 9 sí 15. Wọ́n lọ bá wọn nídìí ọjà bí oníbàárà, wọ́n ń béèrè iye owó àti ṣéńjì lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè 63 ni. Tí a bá ní kí á fi ọgọ́rùn-ún wọ̀n ọ́n, 98 ni àwọn ọmọ náà gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ irú nọ́ńbà yẹn kan náà sínú ìwé fún wọn bíi ti iléèwé. Ohun tí wọ́n gbà nínú ọgọ́rùn-ún já sí 37. Nígbà tí wọ́n sì sọ ọ́ di ìtàn kékeré, bíi "ẹnì kan ra báyìí, ó san báyìí", ó tún gòkè sí nǹkan bíi 74.

Wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, pé bí àgbọn kan bá jẹ́ 35 cruzeiro, owó wọn nígbà náà, èló ni mẹ́wàá? Iléèwé á ní kó fi òdo kan sẹ́yìn 35, ó parí. Ọmọ yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta mìíràn sọ ọ́ di 210, ó ku mẹ́rin. Ó tún fi mẹ́ta kún un, ó di 315, ó fi ẹyọ kan tó kù kún un, ó di 350. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ara yín. Ṣebí bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Nítorí náà, a ò ní kí ẹ padà di tíṣà nílé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ so orí tí ọmọ fi ń tajà mọ́ orí tí ó fi ń kàwé. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ nílò fún un: "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" Bó gbà á, ẹ bi í. Bó ṣì í, ẹ bi í pẹ̀lú. Ìyá tí kò kàwé rárá lè bèèrè rẹ̀, torí Yorùbá ni.

Ẹ fi ṣéńjì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, kí ọmọ kọ ₦50, ₦100, ₦200, ₦500 àti ₦1,000 sí i lára. Ẹ̀yin ẹ ṣe oníbàárà, kí ọmọ ṣe ọlọ́jà. Bó bá ń fún yín ní ṣéńjì, kó máa sọ ọ́ síta bí àwa ṣe ń kà á sọ́wọ́ oníbàárà: "Ẹ ra ọjà ₦1,050. Àádọ́ta rèé, ó di 1,100. Irínwó rèé, ó di 1,500. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rèé, ó pé 2,000." Lẹ́yìn náà kó wá kó ohun tó fún yín jọ, kó kà á: 950. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú fi èyí ṣeré fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé, "Màmá, ohun tí wọ́n ń pè ní yíyọ kúrò náà nìyí!" Kì í tún ń pa àwọn òdo yẹn pọ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka nǹkan ní Yorùbá pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn ò lè ka Yorùbá kọjá ogún mọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ló kún inú rẹ̀. Ẹ da èkùrọ́ sílẹ̀, kí ẹ ní kó fi ṣe márùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta tó dín márùn-ún ni. Àádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni. Ẹ jẹ́ kó to èkùrọ́ sí ogún-ogún lọ́nà mẹ́ta, kó yọ mẹ́wàá, kó tún yọ márùn-ún, kó wá ka èyí tó kù. Á rí 45 lójú ara rẹ̀. Àwọn kan ní kíkà wa le jù, pé Òyìnbó ló rọrùn. A ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo palẹ̀ báyìí, ìṣirò wo ló tún máa dẹ́rù bà á?

Ti igba-igba ló dùn jù. Ẹ kó bébà ₦200 tí ẹ gé yẹn lé ọmọ lọ́wọ́, kó máa fi wọ́n lélẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kó máa pè é: igba, irínwó, ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀fà, ẹgbèje, ẹgbẹ̀jọ, ẹgbẹ̀sán, ẹgbàá. Ẹ ní kó tẹ́tí sí i dáadáa: ẹ̀ta ń bẹ nínú ẹgbẹ̀ta, ẹ̀fà ń bẹ nínú ẹgbẹ̀fà. Igba mẹ́fà ni ẹgbẹ̀fà, 1,200. Tábìlì ìsọdipúpọ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa kí iléèwé tó dé.

Ayò ńkọ́? A mọ̀ pé àwọn bàbá ló máa ń jókòó tì í lábẹ́ igi. Ta ló ní kí àwa má ta á? Bí kò bá sí ọpọ́n, kírétì ẹyin tó to. Ẹyin 30 ni kírétì ń gbà, mẹ́fà lọ́nà márùn-ún. Ẹ gé ìlà méjì tó ní mẹ́fà-mẹ́fà, ilé méjìlá dé nìyẹn. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ta á, ẹ bi ọmọ pé mélòó ni gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíì á kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí dé 48, ẹlòmíì á ní mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 24, ìlà kejì náà 24. Ẹ má dá ẹni tó ń kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lóhùn o, ẹ jẹ́ kó kà á. Yóò rí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Bí a bá ń ta á, bí ọmọ ayò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wa bá bọ́ sílé ẹni tí a jọ ń ta, tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọmọ ní láti mọ ibi tí márùn-ún á dé kó tó kó o nílẹ̀. Ẹ̀yin á rí i tó ń fi ojú kà á, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Kí ló dé tó fi jẹ́ 25? Ẹ bi í.

Fún àwọn tó ti wà ní kíláàsì kẹrin sókè, ẹ gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ ọjà oko fún wọn. Ọjà ọrún ni wọ́n ń ná, lónìí Mọ́ńdè. Ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa ná an? Ọmọ iléèwé á ní Sátidé, torí ó fi márùn-ún kún un. Ìyá àgbà á ní Fúráìdé. Ìyá àgbà ló gbà á, torí àwa máa ń ka òní mọ́ ọn: Mọ́ńdè kan, Túsìdé méjì, Wẹ́sìdé mẹ́ta, Tọ́sìdé mẹ́rin, Fúráìdé márùn-ún. Láti Fúráìdé, Túsìdé ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Sátidé. Ìgbà wo ni ọjà á tó tún bọ́ sí Mọ́ńdè? Kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Wọ́n á rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni, àti pé kò sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ọjà ò kàn lẹ́ẹ̀kan. Nílé ọ̀kan nínú wa, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀: ẹ̀gbọ́n ní 28, àbúrò ní 29 nítorí ó ka òní mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ló gbà á.

Ti ilé ìdáná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: agolo mílíìkì mélòó ló wọ kóńgò, iṣu tí a gé sí méjì, tí a tún ìdajì gé sí méjì. Ẹ má kàn gé e lásán, ẹ jẹ́ kí ọmọ pè é lórúkọ.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú wa ló ti gbá ọmọ létí nítorí ṣéńjì tó ṣì fún. Owó náà dùn wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbá létí lórí nọ́ńbà, bó bá tún rí nọ́ńbà, etí ló ń dì mú. Ẹ sọ iye tó sọnù fún un, kí ẹ jọ wá ibi tó ti ṣì í. Fóònù tó ń bá wa ṣírò náà, ẹ jẹ́ kó dúró kẹ́yìn, kó wà fún yíyẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó kàn wá jù ní ẹgbẹ́ yìí ni pásíbúùkù. Ọ̀kan nínú wa san ₦12,000, wọ́n sì kọ ₦1,200 sí i. Kò mọ ìwé kà, kò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń ka ìwé náà fún un lóṣooṣù, tó ń fi èkùrọ́ ro ó pọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ pé ẹgbàá mẹ́fà lẹ san. Èyí ò tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n mú un wá, a yẹ ìwé ńlá wò, a tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n ₦10,800 ni. Kí olúkúlùkù jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ka pásíbúùkù fún un ní ìparí oṣù, kó kọ iye rẹ̀ sí bébà, ká fi wé ti ẹgbẹ́ níbi ìpàdé.

Kírétì ẹyin tí a ti gé wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 wà nínú ọ̀rá tó bá a lọ. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbí o, torí àwọn ọmọ ló dì í.