Títì Márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́

Ta ni kò tíì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah rí? Títì márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní Èkó la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Bí ẹ bá ti Victoria Island gbéra, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ọ̀sà wà lósì. Ẹ ó gba Ìkátẹ́, Ajah, Ṣàngótẹ̀dó àti Awóyayà kí ẹ tó dé Ẹ̀pẹ́.

Ayé Gómìnà Lateef Jakande ni wọ́n la títì náà, nígbà tí irà àti abúlé apẹja ló pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó àdúgbò Maroko, tó wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ títì náà, palẹ̀. Wọ́n kó díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n lé lọ sí Ìlàsàn àti Ìkọtà, lójú títì yìí kan náà. Ẹ wo ilé olówó ńláńlá tó wá rọ́pò tiwọn ní Maroko!

Owó tóòlù dé lóṣù Kejìlá ọdún 2011, ìwọ́de sì tẹ̀ lé e. Géètì tí wọ́n ti ń gba owó yẹn náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS lòdì sí ìwà ipá ọlọ́pàá kóra jọ sí, tí àwọn sójà fi yìnbọn níbẹ̀ lálẹ́ ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020.